Èwo ni ká fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní síláìdì ṣíṣe? PowerPoint, Impress, Google Slides, Canva àti WPS lórí òṣùwọ̀n kan

Olùkọ́ tó bá fẹ́ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe síláìdì, ì báà jẹ́ ní LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́, ì báà jẹ́ ní Emmanuel Alayande ní Ọ̀yọ́, tàbí ní iléèwé girama kan nítòsí Tákíè, ìbéèrè kan ni yóò kọ́kọ́ pàdé: áàpù wo ni ká lò? Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń sọ ni pé kí kálukú lo èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ dìfẹ́ǹsì, ìyẹn ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ níwájú àwọn olùdánwò, ni èsì rẹ̀ máa ń jáde. Iṣẹ́ tó dùn ún wò lórí fóònù á dé orí kọ̀ǹpútà gbọ̀ngàn, lẹ́tà á ti yí padà, ìlà méjì á ti di mẹ́ta, àwòrán á gun orí ọ̀rọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á sì kẹ̀yìn sí àwọn tó ń gbọ́ ọ, á máa ka ohun tó wà lára ògiri.

Láti ẹ̀yìn ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀ yíyàn yìí. Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹ̀rọ tí wọn yóò ti ṣí fáìlì náà lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ tó pinnu èyí tí wọn yóò fi ṣe é. Ní tiwa, áàpù tó dára jù fún kíláàsì ni èyí tó jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ lo ọ̀pọ̀ àkókò rẹ̀ lórí ohun tó fẹ́ sọ, ọ̀ṣọ́ ara rẹ̀ kò jẹ́ nǹkan kan.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Iná àti dátà ló ṣáájú. Áàpù tí kò lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì á dá kíláàsì dúró lọ́jọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń fà, ọmọ tí dátà rẹ̀ bá sì tán á kàn máa wo ẹnu ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni.

Ohun tó tẹ̀lé e ni bóyá fáìlì náà á ṣí bó ṣe rí nígbà tí wọ́n ṣe é. Fọ́ǹtì ló máa ń kọ́kọ́ bà á jẹ́: bí fọ́ǹtì tí akẹ́kọ̀ọ́ lò kò bá sí lórí kọ̀ǹpútà gbọ̀ngàn, kọ̀ǹpútà náà á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, lẹ́tà á fẹ̀ tàbí kó fún, ọ̀rọ̀ á sì ṣàn jáde nínú àpótí rẹ̀. Ìrísí ojú síláìdì náà ń dá wàhálà sílẹ̀. Láti PowerPoint 2013 ni síláìdì tuntun ti ń jẹ́ 16:9 (fífẹ̀ rẹ̀ sí gíga rẹ̀), ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn purojẹ́kítọ̀ àtijọ́ jẹ́ 4:3, tí ojú wọn jẹ́ 1024 × 768. Síláìdì 16:9 lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò ní lò ju ìlà 576 nínú 768 lọ. Ìdá kan nínú mẹ́rin gíga rẹ̀ á di òkùnkùn lásán lókè àti nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá sì fi fídíò sí i, kẹ́ ẹ rántí pé okùn VGA, èyí tí wọ́n fi ń so kọ̀ǹpútà mọ́ purojẹ́kítọ̀, kì í gbé ohùn.

Lẹ́tà Yorùbá ni ìkẹta, àwọn tó ń kọ́ èdè ní Ọ̀yọ́ sì mọ ìrora rẹ̀. Ẹ́ tàbí ọ̀ kò ní kóòdù kan ṣoṣo nínú Unicode, ìyẹn ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀. Kọ̀ǹpútà ń gbé àmì ohùn lé orí ẹ tàbí ọ fúnra rẹ̀ ni. Fọ́ǹtì tí wọn kò ṣe fún irú iṣẹ́ yìí á ti àmì náà sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kó yá ẹyọ lẹ́tà kan lọ́wọ́ fọ́ǹtì mìíràn, ọ̀rọ̀ á wá rí wúruwùru. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó yan fọ́ǹtì, ẹ ní kó kọ “Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́sẹ̀ lé ẹ̀kọ́” ní lẹ́tà ńlá, kó sì wò ó dáadáa. Noto Sans, DejaVu Sans àti Charis SIL máa ń gbé gbogbo rẹ̀ dúró.

Owó ni ìkẹrin: owó áàpù fúnra rẹ̀, àti owó dátà tó máa ń jẹ lójoojúmọ́, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà mọ́ ọn.

Ìkarùn-ún ló wúwo jù, ìyẹn ohun tí áàpù náà ń kọ́ ọmọ láìsọ̀rọ̀. Láti lè wọ̀n ọ́n, a ní láti gbà lórí ohun tí síláìdì tó dára jẹ́.

Síláìdì kan, ọ̀rọ̀ kan. Kí àkọlé rẹ̀ jẹ́ gbólóhùn tó parí. Dípò kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe iṣẹ́ lórí kajú kọ “ÀBÁJÁDE” sókè, kó kọ “Kajú tí a kò sá gbẹ dáadáa ń hu èbú nínú àpò”, kó wá fi àwòrán kajú méjì, èyí tó gbẹ àti èyí tó hu èbú, sí abẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà yìí ni Michael Alley ti Penn State ní Amẹ́ríkà ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà. Àǹfààní rẹ̀ fún olùkọ́ pọ̀: ọmọ tí kò lè kọ gbólóhùn yẹn kò tíì mọ ohun tí síláìdì rẹ̀ ń sọ, ẹ ó sì ti rí i kó tó dé iwájú àwọn olùdánwò.

Kò gbọdọ̀ kọ gbogbo ohun tí ẹnu rẹ̀ máa sọ. Richard Mayer, onímọ̀ nípa bí ọpọlọ ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì California ní Santa Barbara, fi ìwádìí hàn pé àwòrán pẹ̀lú ohùn ń kọ́ni ju àwòrán, ohùn àti ọ̀rọ̀ kíkọ tó ń tún ohùn náà wí lọ. Ojú ń ka tirẹ̀, etí ń gbọ́ tirẹ̀, méjèèjì á sì máa dí ara wọn lọ́wọ́.

Lẹ́tà gbọ́dọ̀ tóbi. Ní PowerPoint tó jẹ́ 16:9, ẹ fi àkọlé sí 36, ọ̀rọ̀ inú sí 28, ẹ má sì jẹ́ kí ohunkóhun kéré ju 24 lọ. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú nọ́ńbà yìí o. Ojú síláìdì PowerPoint fẹ̀ tó ínṣì 13.33, ti Google Slides jẹ́ 10 péré, nítorí náà 24 ti PowerPoint àti 18 ti Google Slides dọ́gba lára ògiri. Olùkọ́ tó bá fún gbogbo kíláàsì ní nọ́ńbà kan láìwo áàpù tí kálukú ń lò á máa bá ọmọ tó ṣe dáadáa wí.

Ìdánwò kan wà tó yẹ fún gbogbo áàpù. Bí aṣọ purojẹ́kítọ̀ bá fẹ̀ tó mítà 2, tí ẹni tó jókòó sẹ́yìn sì wà ní mítà 12, ó jìnnà ní ìlọ́po mẹ́fà fífẹ̀ aṣọ náà. Láàpútọ́ọ̀pù ínṣì 14 fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 31. Ìlọ́po mẹ́fà rẹ̀ kò jìnnà sí mítà 2. Kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé láàpútọ́ọ̀pù sórí tábìlì, kó rìn sẹ́yìn mítà 2, kó wá ka síláìdì rẹ̀. Ohun tí kò bá lè kà, ẹni ẹ̀yìn gbọ̀ngàn náà kò ní kà á.

Àwọ̀ ńkọ́? Purojẹ́kítọ̀ kò lè tan dúdú. Ibi tó bá dúdú nínú síláìdì, àwọ̀ aṣọ tàbí ògiri náà ni ojú ń rí níbẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn tí fèrèsé ṣí sílẹ̀ nítorí ooru, síláìdì aláwọ̀ dúdú á di eérú. Ẹ lo ẹ̀yìn funfun, lẹ́tà dúdú, àti àwọ̀ kan ṣoṣo láti fa ojú sí ohun tó ṣe pàtàkì. Àwọ̀ yẹ́lò lórí funfun kò ṣe é kà, pupa àti àwọ̀ ewé lórí ṣáàtì kan náà sì ń da àwọn tí ojú wọn kì í yà wọ́n sọ́tọ̀ láàmú.

Ìwé ló ṣáájú gbogbo rẹ̀. Ẹ pín bébà A4 kọ̀ọ̀kan fún wọn, kí wọ́n ká a sí méjì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á di àpótí mẹ́jọ. Àpótí kan, síláìdì kan: àkọlé ní gbólóhùn, àti àwòrán tí wọ́n fi ọwọ́ ya. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà títí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á fi lè ka àwọn àkọlé náà tẹ̀lé ara wọn kó sì lóye rẹ̀. Ẹ fi kíláàsì kan gbáko sílẹ̀ fún èyí. Kò náni ju bébà lọ, òun ló sì ń mú kí iṣẹ́ tó kù rọrùn.

PowerPoint

Òun ni àwọn gbọ̀ngàn mọ̀ jù, ó sì ń ṣiṣẹ́ láìsí dátà. Ohun tó sọ ọ́ di ẹ̀rọ ìkọ́ni gidi ni Slide Master. Kí ọmọ tẹ View, lẹ́yìn náà Slide Master, kó mú síláìdì tó wà lókè pátápátá lápá òsì, kó yan fọ́ǹtì, ìwọ̀n lẹ́tà àti àyè àkọlé níbẹ̀, kó sì tẹ Close Master View. Gbogbo síláìdì á tẹ̀lé e. Àwọn tí wọn kò kọ́ ní èyí máa ń fa àpótí ọ̀rọ̀ sórí síláìdì kọ̀ọ̀kan. Bí olùdarí iṣẹ́ bá ní kí wọ́n yí àwọ̀ padà, ibi mẹ́rìnlá ni wọn yóò ti yí i, àkọlé kò sì ní dúró sójú kan. Bí ẹ bá ti mọ̀ pé purojẹ́kítọ̀ jẹ́ 4:3, ẹ yí Slide Size lábẹ́ Design kí wọ́n tó fi nǹkan kan sí i, torí bí wọ́n bá yí i nígbẹ̀yìn, àwọn nǹkan á yẹ̀ kúrò láyè wọn.

Àléébù tó wọ́pọ̀ ni ìdárà. Ọmọ tó bá fi ọ̀rọ̀ mẹ́rin wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú Animation á rí i pé nígbà tó bá sọ ọ́ di PDF (fáìlì tí ìrísí rẹ̀ kì í yí padà láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn), gbogbo wọn á jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n tilẹ̀ lè gun ara wọn. Ẹ kọ́ wọn ní Ctrl+D: kí wọ́n da síláìdì kọ, kí wọ́n fi ohun kan kún ẹ̀dà náà. Bí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́, ó dà bí ìdárà, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè bà á jẹ́. Àwòrán fóònù náà ń sọ fáìlì di ẹrù. Àwòrán kan lè tó 3 sí 5 MB. Compress Pictures ní 150 ppi tó fún ògiri. Lábẹ́ File, Options, Save, wọ́n lè fi fọ́ǹtì sínú fáìlì lórí Windows. Ẹ sì kọ́ wọn ní bọ́tìnì B, tó ń sọ ojú aṣọ di dúdú kí àwọn ènìyàn lè wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Fún àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran dáadáa, iṣẹ́ tó gbajúmọ̀ ní Ọ̀yọ́, Check Accessibility lábẹ́ Review á fi àwòrán tí kò ní àpèjúwe hàn wọ́n. Àwa ka èyí sí ara ẹ̀kọ́, kì í ṣe àfikún.

Owó ni ibi tó ti ń dunni. Ojúlówó rẹ̀ ń béèrè owó, ẹ̀dà tí wọ́n já kóòdù rẹ̀ sì sábà máa ń bá fáírọ́ọ̀sì rìn, èyí tí fíláàṣì kan á gbé kárí yàrá kọ̀ǹpútà. Ẹ̀dà ti orí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tó bá ní àkáǹtì Microsoft, dátà ló kàn ń jẹ.

Impress

Inú LibreOffice ló wà, ọ̀fẹ́ ni, bófin mu ni. Fáìlì kan tó lé díẹ̀ ní 300 MB, tí ẹ bá gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ lè fi fíláàṣì gbé e dé orí ọgbọ̀n kọ̀ǹpútà láìsan kọ́bọ̀. Ó ń rìn lórí ẹ̀rọ àtijọ́ àti lórí Linux. Master Slide wà níbẹ̀, Export as PDF wà níbẹ̀, bọ́tìnì B náà ń ṣiṣẹ́. DejaVu Sans bá a wá, nítorí náà àmì ohùn Yorùbá kì í ṣe ìṣòro.

Ibi tó ti ń kùnà ni ìrìn àjò fáìlì. Èyí tí wọ́n ṣe ní Impress tí wọ́n sì ṣí ní PowerPoint máa ń yẹ̀ díẹ̀: àlàfo ìlà á yàtọ̀, ṣáàtì lè pàdánù àwọ̀. LibreOffice ní fọ́ǹtì Carlito tí fífẹ̀ rẹ̀ bá Calibri dọ́gba, ìyẹn ń dín wàhálà náà kù, ṣùgbọ́n PDF ni ìdáàbòbò tó dájú. Fún yàrá kọ̀ǹpútà iléèwé girama, a kò rí èyí tó bá a dọ́gba.

Google Slides

Iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni agbára rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún lè wà lórí síláìdì kan náà, olùkọ́ á sì kọ èrò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìbà iṣẹ́ wọn jẹ́. Version history lábẹ́ File ń fi ẹni tó ṣe èyí àti ẹni tó ṣe tọ̀hún hàn. Olùkọ́ tó ti gbọ́ “gbogbo wa la jọ ṣe é, sà” rí á mọ iyì rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ibi ìkópamọ́ 15 GB ló sì wà fún Gmail, Drive àti àwòrán lápapọ̀.

Ó lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì lórí Chrome, ṣùgbọ́n ẹ ní láti tan offline nígbà tí dátà ṣì wà. Ẹni tó bá gbàgbé títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi lọ ti pẹ́ jù. Bí wọ́n bá gbà á sílẹ̀ ní .pptx, ìyẹn fáìlì PowerPoint, fọ́ǹtì Google tí kò sí lórí kọ̀ǹpútà gbọ̀ngàn á sọnù. Noto Sans wà níbẹ̀ fún Yorùbá, PDF á sì gbé e dúró. Àǹfààní kan tó yẹ fún kíláàsì tí adití wà níbẹ̀: tí wọ́n bá ń gbé e kalẹ̀ nínú Chrome pẹ̀lú íntánẹ́ẹ̀tì, ó lè máa kọ ohun tí olùkọ́ ń sọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì sí ìsàlẹ̀ ojú aṣọ.

Canva

Òun làwọn ọmọ fẹ́ràn jù, ẹwà rẹ̀ kò sì ṣe é jiyàn. Iṣẹ́ ti parí kí ọmọ tó fọwọ́ kàn án. Níbẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà fún olùkọ́. Template, ìyẹn àwòṣe tí wọ́n ti tò sílẹ̀, ti yan àyè àkọlé, àwòrán àti iye ọ̀rọ̀ ṣáájú kí ọmọ tó mọ ohun tó fẹ́ sọ, á wá máa gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá àpótí mu, bí ẹni tó ń gé ẹsẹ̀ bá bàtà. Ojú òdòdó á gba ìdajì síláìdì, àbájáde ìwádìí á há sí igun kan ní lẹ́tà tín-ín-rín.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni iṣẹ́ inú rẹ̀ ń gbé, dátà rẹ̀ kò sì kéré. Àwọn àwòrán Pro máa ń gbé àmì omi (watermark) wá fún ẹni tí kò sanwó. Ẹ̀dà .pptx rẹ̀ máa ń yẹ̀ gan-an. Nínú ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì ológe rẹ̀, ẹ̀, ọ́ àti ṣ máa ń tú ká; ìdánwò Ọ̀jọ̀gbọ́n tó wà lókè pọn dandan níbí. Olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama tí Canva bá ti yẹ ìwé wọn wò lè gba Canva for Education lọ́fẹ̀ẹ́, ti yunifásítì kò sí nínú ètò yẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ojú síláìdì òfìfo, ẹ fi òfin de template títí bébà àpótí mẹ́jọ á fi parí. Fún pósítà àti ìkéde ẹgbẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe bó ṣe wù wọ́n.

WPS àti iṣẹ́ orí fóònù

Akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ ní Ọ̀nà LAUTECH kò ní láàpútọ́ọ̀pù, fóònù Android ni gbogbo ohun èlò wọn. WPS jẹ́ ọ̀fẹ́ pẹ̀lú ìpolówó, ó ń ṣí .pptx, ó ń ṣiṣẹ́ láìsí dátà. PowerPoint orí fóònù náà jẹ́ ọ̀fẹ́. Ohun tó ń tan wọ́n jẹ ni ìtòsí ojú. Fóònù tó fẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 15 nígbà tí a bá dá a bùlẹ̀, tí a dì mú ní sẹ̀ntímítà 30 sójú, ìlọ́po méjì péré ni. Ti gbọ̀ngàn jẹ́ mẹ́fà. Lẹ́tà tí ọmọ ń rí á kéré ní ìlọ́po mẹ́ta lójú ẹni ẹ̀yìn. Kó gbé fóònù jìnnà sí sẹ̀ntímítà 90, kó tó sọ pé ó tóbi tó.

Ìka ọwọ́ kò rọrùn fún tító nǹkan dọ́gba. Ọ̀nà tó ń dín wàhálà náà kù ni kí olùkọ́ fúnra rẹ̀ ṣe fáìlì òfìfo kan pẹ̀lú Slide Master lórí kọ̀ǹpútà, kó pín in fún wọn lórí WhatsApp, kí wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ àti àwòrán sínú àyè tó ti wà.

Fún àwọn tí iṣẹ́ wọn kún fún ìṣirò, Beamer tí Till Tantau ṣe fún LaTeX, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń to ìwé tó kún fún ìṣirò, ń kọ ìdọ́gba lọ́nà tí áàpù márààrún yìí kò tó, PDF ló sì ń bí tààrà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ti mọ LaTeX tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe ohun tí à ń kọ́ lọ́sẹ̀ méjì kí dìfẹ́ǹsì tó dé.

Ta ni kó mú èwo

Olùkọ́ iléèwé girama tó ní yàrá kọ̀ǹpútà àtijọ́: Impress. Bí kò bá sí yàrá kọ̀ǹpútà rárá, WPS pẹ̀lú fáìlì òfìfo tí ẹ ti tò sílẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn tó ń lọ fún dìfẹ́ǹsì: PowerPoint, bí ó bá tilẹ̀ ní láti yá kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ fún ọjọ́ méjì. Fún ìṣẹ́jú 15, kó má kọjá síláìdì 12.

Kíláàsì tó ń ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ́, tí íntánẹ́ẹ̀tì kò sì wọ́n fún: Google Slides, kí wọ́n parí rẹ̀ ní PDF.

Akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá: Impress tàbí PowerPoint pẹ̀lú fọ́ǹtì tó ti yege ìdánwò, Canva nígbẹ̀yìn pátápátá.

Olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó fẹ́ àwòrán aláràbarà fún àwọn ọmọ kéékèèké lè lọ sí Canva láìbẹ̀rù, níwọ̀n bí òun fúnra rẹ̀ bá jẹ́ ẹni tí yóò ṣe é.

Èyí tó wù kí wọ́n mú, kí fáìlì méjì wà lórí fíláàṣì, ọ̀kan tó ṣe é tún ṣe àti PDF rẹ̀, kí ẹ̀dà kan sì wà nínú ímeèlì wọn. Ní ọjọ́ tó ṣáájú, kí wọ́n lọ sí gbọ̀ngàn náà gan-an, kí wọ́n so okùn, kí wọ́n ṣí PDF náà, kí ẹnì kan sì jókòó sí àga tó wà lẹ́yìn pátápátá, kó ka síláìdì tó ní lẹ́tà kéékèèké jù sókè.